Ohun Tó Ń Ṣe Alùpùpù Oyèníkẹ́

Ìró kan wà tí etí mi kò tíì gbàgbé. Á kọ́kọ́ máa dún geere, pẹ́-pẹ́-pẹ́, lẹ́yìn náà kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí arúgbó tí ìrẹsì há lọ́fun, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ á pa. Ní àdúgbò Cadjèhoun ní Kútọnu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù ti ń gbéra, ènìyàn kì í sábà gbọ́ ìró kékeré. Ṣùgbọ́n bàálù á kọjá, ariwo rẹ̀ á bá òkun lọ, ìró yẹn á wá dé láti ìdí ògiri: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Gbogbo agbo ilé á mọ̀ pé Oyèníkẹ́ ló ń ti alùpùpù rẹ̀ bọ̀ wálé.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti kúrò ní Kútọnu. Lọ́dọ̀ Sọ̀fíyàt ọmọ mi ní Kánádà ni mo wà, níbi tí yìnyín ti ń bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ti alùpùpù kọjá lójú fèrèsé mi. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo ń kọ yìí, pẹ̀lú èyí tí Oyèníkẹ́ àti Àbídéènì sọ fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní èbúté, ìyàwó mi ti kú, mo sì ń dúró de ìwé ìrìnnà. Àbídéènì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Missèbo, gbé kóòtù òtútù kan wá kí n wọ̀ ọ́ wò. Kóòtù náà gbé mi mì. Àbídéènì dúró lẹ́yìn mi, ó ń fa èjìká rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Bàbá Sọ̀fíyàt, ẹ wọ súwẹ́tà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, á bá yín mu."

"Bí mo bá wọ súwẹ́tà mẹ́ta, kí ni mo tún fẹ́ fi kóòtù ṣe?"

Ibẹ̀ la wà tí Oyèníkẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn ọgbà wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di alùpùpù náà mú. Aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn fún òógùn. Bàtà rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ó fi èkejì kọ́ apá alùpùpù, yanrìn ń dà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fi alùpùpù ti ìdí igi fúrúùtù, ó gbé iwájú orí lé ìjókòó rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn lóòró.

Àbídéènì jọ̀wọ́ kóòtù mi. "Ìṣẹ́jú mélòó ló lò kó tó kú?"

"Ta ló ń béèrè?" Kò gbé orí sókè.

"Ẹni tó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti òpópónà ni."

"Ẹ̀yin náà ti fẹ́ sọ pé bùjí ni. Gbogbo ọkùnrin Kútọnu ló mọ̀ pé bùjí ni." Bùjí ni irin kékeré tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pùlọ́ọ̀gì.

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá bùjí ni. Iye ìṣẹ́jú ni mo bi yín."

Ó wá gbé orí sókè, ó wò ó. "Tí mo bá kúrò nílé, ó ń sáré dáadáa. Tó bá máa fi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti tú u. Ọ̀kan tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì méjì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní alùpùpù náà kò nílò wọn."

Èmi rẹ́rìn-ín. Àbídéènì kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ó tó sọ fún mi pé ojú tí obìnrin náà fi wo òun ló mú òun lẹ́nu. Ó ní bí ojú òun ti ń rí nínú dígí láàárọ̀ ló rí.

Kò sì parọ́, nítorí àwọn méjèèjì ló ti rẹ̀. Oyèníkẹ́, ọmọ Pobè, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, á sì máa ti ilé dé ilé kọ́ ọmọ àwọn olówó lọ́sàn-án. Oúnjẹ ń tutù mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń tòògbé. Àbídéènì ní tirẹ̀ ti lé lógójì. Ní Ṣakí, ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Múrítàlá, kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́, tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ wá sí Kútọnu. Bẹ́ẹ̀lì aṣọ tó ń gbé lójoojúmọ́ ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Obìnrin tó fẹ́ fẹ́ nígbà kan dúró dè é títí, ó sú u, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Látìgbà náà, òun àti rédíò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jẹun.

Ó ní òun lè wo alùpùpù náà, ṣùgbọ́n kò ní yá.

"Kí ló dé tí kò ní yá?"

"Ọ̀gá mi kọ́ mi pé ohun kan ṣoṣo ni kí n máa fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan. Tí mo bá pààrọ̀ bùjí, tí mo tún fọ kábúrétọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó bá wá san, èwo lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun kan lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ máa gùn ún títí ọ̀sẹ̀ á fi pé, ẹ ó sọ ohun tó ṣe fún mi."

"Ẹ máa gbó síbí nìyẹn."

"Mo ti ń gbó tẹ́lẹ̀, Màdáàmù. Ẹ jẹ́ kí n máa gbó lábẹ́ ibòòji."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pààrọ̀ bùjí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì, á yọjú wo èpo, á gbé ìdérí náà lé ìjókòó, á wá jókòó sórí àpótí, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó mọ̀ pé àlejò wà," ni Oyèníkẹ́ wí. "Bí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí aláyẹ̀wò bá dé, kò sẹ́ni tó ń hùwà burúkú."

Lọ́jọ́ Ajé, ó kú sí i lábẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kejì, Àbídéènì yẹ èpo wò. Èpo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ni Oyèníkẹ́ ń rà, èyí tí a ń pè ní kpayo. Ó bù ú sínú ìgò funfun, ó gbé e sójú oòrùn láti wò ó bóyá omi máa sílẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀.

"Omi ò lè sí níbẹ̀," ni Oyèníkẹ́ wí. "Mo máa ń ṣọ́ra fún omi."

Àbídéènì kò bi í pé báwo ló ṣe ń ṣọ́ra. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ibi tí ẹfun pátákó ìkọ̀wé ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ó bi í nípa oríkì rẹ̀ dípò ìyẹn.

"Àbẹ̀ní. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó sì ti lọ."

"Ṣé mo lè máa pè yín bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ tún alùpùpù ṣe ná. Títí di ìsinsìnyí, mẹ́fà nínú ogún ni mo fún yín."

"Ní Ṣakí, mẹ́wàá ni wọ́n ń fi díwọ̀n."

"Ní Benin, ogún ni. Ẹ ò sì ní yege."

Ọjọ́ Àìkú kẹta, ó fọ fílítà afẹ́fẹ́. Oyèníkẹ́ bun ún ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja. Ó sùn lọ sórí àpótí lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tó jí, ó rí i pé obìnrin náà ti ka ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò sì jí òun. Ó sọ fún mi pé láti ọdún pípẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa sùn níbi tí ẹlòmíràn wà.

Ọjọ́ Àìkú kẹrin lọ̀rọ̀ náà wà.

Àbídéènì ní òun fẹ́ gùn ún fúnra òun. Ó gùn ún lọ sí ìhà òkun, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó kú. Ó ṣí ìdérí táǹkì kí ó lè wo èpo, ó gbọ́ fííì, bí ìgbà tí ènìyàn fa èémí sínú. Ó ti ìdérí, ó ta á, ó jí. Ó rọra gùn ún padà wálé.

Mo wà lójú fèrèsé mi. Mo rí i tó dorí ìdérí náà kodò, tó fi èékánná họ inú rẹ̀, tó sì fa ọ̀rá pẹlẹbẹ kan jáde, ọ̀rá tó mọ́ gaara bíi tàwọn olómi tútù. Ẹni tó ń ta kpayo fún Oyèníkẹ́ ló ti sọ fún un pé lásìkò òjò, kí ó máa fi ọ̀rá sábẹ́ ìdérí kí omi má baà wọ táǹkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn Kútọnu ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ihò tíńtín kan wà lára ìdérí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí èpo ti ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, èpo kò ní ṣàn. Ẹ́ńjìnnì á gbìyànjú títí, á rẹ̀ ẹ́, á kú. Àbídéènì ti ń ṣí ìdérí yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì mọ̀ pé òun fúnra òun ló ń wo àìsàn náà sàn kí òun tó wá a.

Ó di ọ̀rá náà mú. Ó ta ẹ́ńjìnnì láìsí i, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó pa á. Ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Oyèníkẹ́ ti ń fọ àwo. Obìnrin náà ń kọrin. Ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń gbé agbo ilé kan, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àbídéènì tẹ́ ọ̀rá náà padà sínú ìdérí, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká kí ó lè lẹ̀.

Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ẹni tó rí nǹkan. Mi ò sọ̀rọ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn. Mo ní kí ìfẹ́ náà gbó díẹ̀ sí i.

"Kí lẹ rí lónìí?" Oyèníkẹ́ ń nu ọwọ́ bọ̀.

"Mo fọ kábúrétọ̀." Irọ́ ni. "Ó ku ohun kan. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

"Mo fún ọ ní mẹ́wàá nínú ogún."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ pé "ọ" fún un nìyẹn. Àbídéènì gbọ́ ọ dáadáa. "Ṣé mo yege?"

"Díẹ̀ báyìí lo fi yege," ó wí, ó sì wọlé.

Ohun tí Oyèníkẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìdánwò ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sèmè-Kpodji. Àwọn aláyẹ̀wò á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn á máa wò ó bí ó ti ń kọ́ni. Bí ó bá yege, ó bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sán yẹn, á máa sùn bí ènìyàn. Lọ́dún tó ṣáájú, ó sọ ọjọ́ náà fún gbogbo ayé, kò yege, gbogbo ayé sì wá kí i. Bàbá rẹ̀ ní kí ó má tún la ẹnu sọ ọ́. Nílé wọn, wọn kì í sọ ọjọ́ ìdánwò, wọn kì í sì í sọ oṣù oyún.

Ó jáde nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Alùpùpù náà kú nígbà àkọ́kọ́ kí ó tó kúrò nígboro. Ó dúró, ó jí. Ó kú lẹ́ẹ̀kejì, ó kú lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tì í nínú oòrùn lójú ọ̀nà Sèmè, aṣọ tó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ̀ ti rin gbingbin. Níkẹyìn, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta àgbọn, ó dá zémidjan dúró, ọlọ́kadà náà sì sáré débi tó lè sáré dé. Nígbà tó wọ kíláàsì, ẹfun ṣì wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́, àwọn aláyẹ̀wò ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Wọ́n ti kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àbídéènì wá pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Ó ti pinnu láti yọ ti inú ìdérí kúrò, kí ó sì fi rẹ́rìn-ín pé ẹ wo ohun tó ń yọ wá lẹ́nu. Ó bá obìnrin náà lórí àpótí rẹ̀, lábẹ́ igi fúrúùtù. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un láìgbé ohùn sókè, láti ìgbà tó jáde nílé títí dé "kò wá."

Ọsàn kan já bọ́ nínú ọ̀rá Àbídéènì, kò ṣà á. Ó lọ sídìí alùpùpù, ó ṣí ìdérí, ó yọ ọ̀rá náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Èyí ni," ló wí.

Ó ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Oyèníkẹ́ gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa á. Ọlọ́run á bù kún ọ. O ṣeun. Àwọn mẹ́ta tú u, ìwọ nìkan lo rí i." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ tó ti ṣẹ́ rí yẹn. "O lè máa pè mí ní Àbẹ̀ní."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo pa fèrèsé mi dé.

Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e dára lójú ẹni tó bá ń wò wọ́n. Alùpùpù kò húkọ́ mọ́. Àbídéènì ń wá lọ́jọ́ Àìkú bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iṣẹ́, wọn á jókòó, wọn á bó ọsàn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé aṣọ òtútù ọmọdé kan tó já nínú bẹ́ẹ̀lì wá fún un.

"Ọmọ ta ló fẹ́ wọ èyí nínú ooru Kútọnu?"

"Mi ò mọ̀. Mo rí i, mo ronú kan ọ."

Oyèníkẹ́ ká a, ó fi sínú àpótí rẹ̀, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ló kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ ní Pobè nípa Àbídéènì.

Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ni ní kátíkísìmù nínú ìjọ Àgùdà, ọkùnrin tó ga bí igi ọ̀pẹ. Oyèníkẹ́ rò pé Mùsùlùmí tí Àbídéènì jẹ́ ni bàbá máa fi kọ́ àwọn lọ́rùn. Bàbá kò dárúkọ ẹ̀sìn. Ohun tí ìdílé wọn ń béèrè ló béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wọn, kí alárinà tó sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé obì, á jókòó síwájú bàbá ọmọ, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àléébù kan tí ìdílé náà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ àléébù náà lẹ́nu ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

"Kò le," ni Oyèníkẹ́ wí fún Àbídéènì. "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ níwájú Bàbá pé òun ń hanrun. Sọ pé o ń sùn níbi tí wọ́n bá ti fún ọ lẹ́bà. Ọjọ́ Àìkú méjì sí i, à ń lọ."

Àbídéènì ní ó dára. Kò wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Èkejì pé, kò wá. Ìpè kò wọlé. Oyèníkẹ́ wẹ̀, ó wọ aṣọ aláràbarà, ó jókòó sórí àpótí láti ìgbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí oòrùn fi kúrò lórí ògiri. Bàálù mẹ́rin kọjá. Ó dìde, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Sọ̀fíyàt, ṣé ó ní ìyàwó ní Ṣakí ni?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

"Bó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn ni, kí ó wí. Mi ò bínú. Ó kàn ti rẹ̀ mí kí n máa dúró de nǹkan."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gbé mi lọ sí Missèbo lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo bá Àbídéènì láàárín òkìtì ṣòkòtò, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ara ò yá ni?"

"Ara yá, Bàbá."

"Ṣé ìyàwó wà nílé?"

"Ì bá dáa kó jẹ́ ìyàwó. Ìyàwó ṣe é ṣàlàyé."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì kan. "Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o dá ọ̀rá yẹn padà."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí o máa wá."

"Ẹ̀yin náà pín nínú rẹ̀ nígbà náà."

"Mo pín nínú rẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n ń retí ní Pobè."

Ó ní òun lè lọ sọ pé òun ń hanrun. Ó ní bí òun bá ti sọ ìyẹn, òun á máa ru èkejì kiri nínú ilé títí òun á fi kú, ẹ̀yìn òun kò sì lè gbé bẹ́ẹ̀lì mìíràn. Bí òun bá sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó na fóònù sí mi. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sí Oyèníkẹ́ tán níbẹ̀. Ó ní òun ti kọ ọ́ tó ìgbà mẹ́tàdínlógún, tí òun ń pa á rẹ́.

"Mi ò fi àmì ohùn sí i," ó wí. "Ó máa fi báírò pupa sí gbogbo rẹ̀."

"Jẹ́ kó fi sí i."

Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó dojú fóònù bolẹ̀ lórí àwọn ṣòkòtò. Oníbàárà kan wá béèrè ìwọ̀n ìdí, ó dìde lọ dá a lóhùn.

Oyèníkẹ́ kò fèsì. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó tó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Missèbo. Ó gbé e dúró síwájú ìsọ̀, kò bọ́ sílẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo fi mọ̀ ọ́n kí ìdánwò tó dé?"

"Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú. Ọjọ́ mẹ́ta."

"Mo tì í lójú ọ̀nà Sèmè."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Ìwọ kọ́ lo tì í." Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Mo fẹ́ kórìíra rẹ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ìwé ọmọ márùndínlógójì ló wà nílẹ̀ tí mo ní láti wò. Mi ò ráyè."

Àbídéènì kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ìdánwò wà?"

"A kì í sọ ọ́." Ó bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì, ó gbé bàtà kúrò lẹ́sẹ̀. "Màá sọ tọdún tó ń bọ̀ fún ọ. Ìwọ lo máa gbé mi lọ. Tí a bá pẹ́, ìwọ lo máa wọlé lọ ṣàlàyé fún àwọn aláyẹ̀wò."

"Mi ò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀."

"Wàá kọ́ ọ. Olùkọ́ ni mí."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọjà fi ń tú, èjìká wọn ń kan ara wọn.

Wọ́n lọ sí Pobè. Àbídéènì jókòó síwájú bàbá, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́ tẹni tó ń hanrun. Mo ti gbọ́ tẹni tó ń yára bínú. O jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa wá sọ èyí tó dun ọmọ mi. Ẹ gbé omi wá fún un." Wọ́n fẹ́ ara wọn ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Ẹtì kan, kóòtù ńlá yẹn wà lọ́rùn mi nínú ooru, nítorí mo fẹ́ kí Àbídéènì rí i pé mo rà á. Kálukú wọn di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú. Oyèníkẹ́ yege ìdánwò náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọn kò pẹ́ débẹ̀.

Èmi wọ bàálù lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ Oyèníkẹ́ pé kí ó fi iṣẹ́ tí Àbídéènì rán sí i lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí n tó gbàgbé. Kò fi báírò pupa sí i. Èmi ni mo fi àmì sí i. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Àbẹ̀ní, o kú iṣẹ́. Mi ò níyàwó níbì kankan, ẹ̀sìn kọ́ ló sì dá mi dúró. Ọ̀rá tí mo yọ níwájú rẹ, mo ti rí i lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú. Mo mọ̀ pé òun ni. Mo dá a padà. O ń kọrin níbi tí o ti ń fọ àwo, mo sì rò pé bí alùpùpù bá ti san, mi ò ní rí ohun tí màá tún wá ṣe nínú ọgbà yín. Mi ò mọ̀ nípa ìdánwò. Ó wù mí kí n sọ pé bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti sọ ọ́. Mo rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí o máa ti nǹkan nínú oòrùn kí n lè rí ọ, nítorí náà mi ò lè búra. Ọdún kan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. O sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èyí ni mi ò lè gbé. Bàbá ní kí n wá sọ àléébù mi. Òun nìyí. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú wọn. Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Má tíì dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì ni òní, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Kọ́kọ́ sùn ná."